Ibi Tí Halo Ti Dùn, Ibi Tó Ti Sú Ni

Ọjọ́ kan náà ni géèmù Halo: Combat Evolved àti ẹ̀rọ Xbox àkọ́kọ́ bọ́ sọ́jà ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2001. Ilé-iṣẹ́ Bungie ló ṣe géèmù ọ̀hún. Microsoft ti ra Bungie ní ọdún 2000 kí ó lè rí géèmù tí yóò fi polówó ẹ̀rọ tuntun rẹ̀. Ìpele mẹ́wàá ló wà nínú apá ìtàn rẹ̀, ìyẹn apá tí èèyàn ń gbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yàtọ̀ sí apá tí àwọn ọ̀rẹ́ ti ń yìnbọn fún ara wọn. Bí ẹ bá pe àwọn tó ti gbá a jọ, tí ẹ bi wọ́n léèrè ìpele tí wọ́n fẹ́ràn jù, púpọ̀ nínú wọn yóò dárúkọ ìkẹrin, The Silent Cartographer. Bí ẹ bá tún béèrè èyí tí wọn kì í fẹ́ dé mọ́, ìkeje, The Library, ni wọn yóò fi igbe ta. Ìpele méjì péré ló wà láàárín wọn. Akọni kan náà ni, ìbọn kan náà ni, ilé-iṣẹ́ kan náà ló jókòó ṣe méjèèjì. Kí ló wá dé tí ọ̀kan fi dùn bí oyin, tí èkejì sì sú ni títí dòní?

Ẹni tí kò gbá géèmù oníbọn rí lè rò pé bí wọ́n bá ti mọ ògiri, tí wọ́n kùn ún, tí wọ́n sì kó ọ̀tá sáàárín rẹ̀, ìpele ti délẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ṣe ìpele ló ń pinnu ohun tí ojú yín máa kọ́kọ́ rí, ibi tí ẹ lè sá pamọ́ sí, iye ọ̀nà tí ẹ lè gbà dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá, àti ohun tí ọ̀tá náà lè fi dá yín lóhùn. Jaime Griesemer, ọ̀kan lára àwọn tó ṣètò ìjà inú Halo, sọ ọ̀rọ̀ kan nígbà kan tí àwọn tó ń ṣe géèmù kò tíì jẹ́ kó sinmi: pé tí èèyàn bá rí 30 ìṣẹ́jú-àáyá tó dùn, kó máa tún un ṣe léraléra, géèmù ti dé. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé pé wọ́n gé ọ̀rọ̀ òun kù. Ìdajì tó kù ni pé kí wọ́n gbé 30 ìṣẹ́jú-àáyá yẹn lọ síbi ọ̀tọ̀, pẹ̀lú ìbọn ọ̀tọ̀, ọkọ̀ ọ̀tọ̀, ọ̀tá ọ̀tọ̀, kí ó má baà jẹ́ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìdajì tí wọ́n gé dànù yìí ni mo fẹ́ fi wọn àwọn ìpele Halo wò.

Ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ kò pọ̀. Ìbọn méjì péré ni Master Chief, akọni géèmù náà, lè gbé lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá rí ẹ̀kẹta tó wù yín, ẹ ní láti ju ọ̀kan sílẹ̀. Bọ́ǹbù àfọwọ́jù oríṣi méjì wà, mẹ́rin-mẹ́rin kò sì ṣeé kọjá. Lẹ́yìn èyí ni apata kan tó bo ara rẹ̀, tó ń gba ọta sára. Bí ọta bá na apata yìí tán, tí ẹ sì rí ibi fara pamọ́ sí fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, á tún kún padà fúnra rẹ̀. Nítorí apata yìí ni òkúta, igi àti igun ògiri fi níye lórí nínú Halo: ẹ yọjú, ẹ yìn ín, ẹ sá padà, ẹ mí, ẹ tún yọjú. Ìpele tí kò bá fún yín ní ohun tí ẹ lè sá sẹ́yìn rẹ̀ ti gba ìdajì géèmù lọ́wọ́ yín.

Àwọn ọ̀tá náà kì í ṣe ère lásán. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Covenant ní Elite, tó ga ju èèyàn lọ, tó sì ní apata bíi tiyín. Wọ́n ní Grunt, kúkurú aláriwo. Jackal, tó di asà mú síwájú. Àti Hunter, òmìrán tó ń rìn ní méjì-méjì, tí ìhámọ́ra bo gbogbo iwájú rẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Bí ẹ bá ju bọ́ǹbù sí Elite, á bẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ẹ bá pa á, àwọn Grunt tó ń tẹ̀ lé e á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ọwọ́ lókè, igbe lẹ́nu. Nípa bẹ́ẹ̀, ta ni kí ẹ kọ́kọ́ pa? Ìdáhùn rẹ̀ ń yí padà gẹ́gẹ́ bí ibi tí ẹ dúró sí, ìbọn tó wà lọ́wọ́ yín, àti ohun tó wà láàárín ẹ̀yin àti wọn. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni adùn géèmù yìí wà, torí náà ìpele tó bá jẹ́ kí ẹ máa dáhùn ìbéèrè yẹn lóríṣiríṣi ló dára.

Ẹ wá wo The Silent Cartographer. Ojú òfuurufú ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ Pelican méjì ń fò bọ̀ lórí òkun, ẹ wà nínú ọ̀kan pẹ̀lú àwọn sójà, erékùṣù kan sì ń sún mọ́ yín. Kí ọkọ̀ tó balẹ̀, ẹ ti rí etíkun tó gbòòrò, àwọn òkúta tó dúró káàkiri orí yanrìn, òkè tó yọ gọngọ láàárín erékùṣù, àti àwọn ọ̀tá tó ti ń yìnbọn lù yín. Kò sẹ́ni tó júwe ọ̀nà fún yín. Ojú yín ti mú un. Ọkọ̀ balẹ̀, àwọn sójà bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ariwo, ìjà sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà.

Ẹ fara balẹ̀ wo àwọn òkúta yẹn. Wọ́n jìnnà síra débi pé ẹ kò lè dúró sẹ́yìn ọ̀kan ṣoṣo kí ẹ pa gbogbo ọ̀tá, ṣùgbọ́n wọ́n sún mọ́ra débi pé ẹ lè sáré láti ọ̀kan dé èkejì kí apata yín tó tán. Ẹni tó láyà lè gba àárín lọ tààrà pẹ̀lú àwọn sójà. Ẹni tó gbọ́n féfé lè gba etí omi, kó yí ẹ̀yìn wọn yọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ràn ọ̀nà jíjìn lè dúró tì òkúta àkọ́kọ́, kó máa fi ìbọn ìléwọ́ ṣa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ìbọn ìléwọ́ inú Halo yìí lágbára kọjá bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn tí ibẹ̀ bá pa rọ́rọ́, Pelican á gbé jíìpù kan tó ń jẹ́ Warthog wá. Ẹ wakọ̀, sójà kan jókòó tì yín, òmíràn di ìbọn ńlá ẹ̀yìn ọkọ̀ mú. Tàbí kí ẹ fi jíìpù sílẹ̀, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn. Géèmù kò ní bínú sí yín. Ìdí nìyí tí ìròyìn etíkun yìí kì í fi í bára mu lẹ́nu ẹni méjì.

Bí a bá wo ìpele náà látòkè, òrùka ni ó jẹ́ níta, ihò jíjìn sì wà láàárín. Ẹ dé ilé tó wà lára òkè, ẹ wọlé, ẹ ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Àfi gbàà, àwọn Covenant ti ilẹ̀kùn mọ́ yín lójú. Ẹ ní láti padà síta, kí ẹ lọ wá ibi tí wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn náà níbòmíràn lórí erékùṣù, kí ẹ tó padà wá. Ní géèmù mìíràn, irú èyí á dà bí ìyà lásán: kọ́kọ́rọ́ sọnù, lọ wá a. Níbí, ẹ ti fojú ara yín rí ilẹ̀kùn náà nígbà tó ń tì, ẹ mọ ìdí tí ẹ fi ń lọ, ẹ sì mọ ibi tí ẹ ń padà sí. Yàtọ̀ sí èyí, ìrìn náà ń gbé yín láti inú òkùnkùn bọ́ sínú oòrùn, láti inú oòrùn padà sínú òkùnkùn. Láti ibi tó há dé ibi tó tẹ́jú tí ẹ ti lè sáré. Nínú ilé, Hunter méjì lè dí ọ̀nà tóóró mọ́ yín débi pé ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ibi tí ẹ máa gbà yí ẹ̀yìn wọn. Níta, Hunter kan náà á di ẹni tí ẹ ń yí po bí ó ṣe wù yín. Ọ̀tá kò yí padà rárá o. Ibi ìjà ló yí padà.

Ìpele yìí kò wá pé tán. Nínú ilé náà, ògiri aláwọ̀ eérú kan náà ni láti òkè dé ìsàlẹ̀, àjà kan kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Ohun tó yọ ọ́ ni pé kò pẹ́ níbẹ̀.

Ìpele kejì, tí òun náà ń jẹ́ Halo, ti kọ́kọ́ gbìyànjú irú ọgbọ́n yìí: lápá ìparí rẹ̀, ẹ ń wá àwọn sójà tó bọ́ láti ojú sánmà síbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tó bá wù yín ni ẹ sì lè kọ́kọ́ lọ. Ìkẹta, The Truth and Reconciliation, ni ìpele tó ní orí méjì. Apá àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ alẹ́, lórí àpáta, pẹ̀lú ìbọn tó ní awò tí ń fa ọ̀nà jíjìn sún mọ́ni. Àwọn Grunt ń sùn. Ẹ lè pa díẹ̀ kí àwọn yòókù tó jí, ẹ sì lè kọ́kọ́ mú ẹni tó jókòó sídìí ìbọn ńlá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gòkè wọ inú ọkọ̀ àwọn Covenant láti gba ọ̀gá yín, Captain Keyes, sílẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ aláwọ̀ àlùkò bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan sì jọ èkejì bí ìbejì. Ilẹ̀kùn jọ ilẹ̀kùn, igun jọ igun. Òkú ọ̀tá tí ẹ pa sílẹ̀ ni ẹ máa fi mọ̀ pé ẹ ti kọjá ibẹ̀ rí. Nígbà tí òkú bá di àmì ojú ọ̀nà, ẹni tó ṣe ìpele ló jẹ̀bi.

Ìkarùn-ún, Assault on the Control Room, ni mo ka sí ẹ̀rí tó dájú jù pé ìpele kan lè dára kó sì burú nínú ara rẹ̀. Àwọn àfonífojì oníyìnyín rẹ̀ wà lára ohun tó dára jù nínú géèmù náà: ẹ lè wọ Warthog, ẹ lè gun ọkọ̀ ogun Scorpion, ẹ lè gun ọkọ̀ àwọn Covenant tí ẹ bá ti pa ẹni tó ń wà á. Síbẹ̀, láàárín àfonífojì kan sí èkejì, ẹ gbọ́dọ̀ gba inú àwọn yàrá àti orí àwọn afárá kan tí wọ́n dà bí ẹ̀dà ara wọn. Yàrá olóbìírípo kan, afárá, yàrá olóbìírípo mìíràn, afárá. Ìgbà àkọ́kọ́, ìjà ibẹ̀ dùn. Ìgbà kejì, ẹ ti mọ ibi tí Jackal máa dúró sí. Nígbà tó bá di ẹ̀kẹta, ẹ kò wo ohunkóhun mọ́, ẹ kàn fẹ́ kọjá. Bí wọ́n bá yọ ìdajì yàrá wọ̀nyẹn kúrò, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni máa mọ̀ pé nǹkan kan sọnù.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ Halo kò ju pé ó ń lo ibi kan náà lẹ́ẹ̀mejì lọ. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀, ìpele kẹfà ni ẹlẹ́rìí mi. Àárín irà ni 343 Guilty Spark ti bẹ̀rẹ̀, kùrukùru bo ilẹ̀, ẹ kò rí ìwájú dáadáa. Cortana, ohùn tó ti ń bá yín sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí pẹ̀lú yín mọ́. Àwọn Covenant tí ẹ bá pàdé ń sá, ìwà wọn kò sì jọ ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ wọ ilé abẹ́lẹ̀ kan, lífítì gbé yín sọ̀kalẹ̀, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn láti yàrá dé yàrá. Kò sí ìjà. Ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀, òkú wà nílẹ̀. Sójà kan ṣoṣo tó kù láàyè ti ya wèrè, ó ń yìnbọn sí ẹ̀yin gan-an. Ìpele oníbọn tó sọ yín di aláìníṣẹ́ fún àkókò tó gùn báyìí, tó sì jẹ́ pé pádì ń gbọ̀n lọ́wọ́ yín, iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ dé yàrá tí ẹ ti rí fídíò inú àṣíborí sójà kan, tí ilẹ̀kùn sì fọ́, tí àwọn Flood ya jáde. Flood ni kòkòrò tó ń wọ ara òkú, tó ń gbé òkú náà dìde láti jà. Ẹ sì máa tún kọjá nínú díẹ̀ lára àwọn yàrá tí ẹ gbà wọlé kí ẹ tó jáde. Àwọn yàrá tó dákẹ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn ti kún fún ohun tó ń sáré bọ̀. Igun tí ẹ fi ìfọ̀kànbalẹ̀ kọjá ti di ibi tí ẹ ń bẹ̀rù. Bungie kò mọ ògiri tuntun púpọ̀ fún apá kejì yìí, kò sì sẹ́ni tó ráhùn, torí ohun tí ẹ mọ̀ nípa ibẹ̀ ni wọ́n fi ń bá yín jà.

The Library ló tẹ̀ lé e. Ìtàn ní kí ẹ lọ mú kọ́kọ́rọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Index. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fò, tí òun náà ń jẹ́ 343 Guilty Spark, ni amọ̀nà yín. Àjà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Lórí àjà kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà gbòòrò kan tó ṣókùnkùn ń yí lọ, òpó lọ́tùn-ún, òpó lósì, ilẹ̀kùn ńlá níwájú. Ilẹ̀kùn náà wà ní títì. Amọ̀nà yín á ní kí ẹ dúró, òun ń lọ ṣí i. Á fò lọ, á máa kọrin sínú. Àwọn Flood á tú jáde láti ara ògiri, níwájú àti lẹ́yìn, ẹ ó sì máa yìnbọn títí ilẹ̀kùn yóò fi ṣí. Ẹ kọjá, ẹ rìn díẹ̀, ilẹ̀kùn mìíràn nìyẹn. Nígbà tó bá yá, lífítì á gbé yín lọ sí àjà tó kàn, gbogbo rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń fi ìgbálẹ̀ gbá omi àgbàrá kúrò lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí òjò ò tíì dá. Àkọlé tí Bungie fi síbi tí àjà kejì ti bẹ̀rẹ̀ ń pa yín lẹ́rìn-ín pé kí ẹ dúró ná, ó ṣì ń bọ̀ wá burú jù báyìí lọ. Ó dà bíi pé àwọn fúnra wọn mọ̀.

Kí ló burú níbẹ̀ gan-an? Gígùn rẹ̀ wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ìpele karùn-ún náà gùn. Ohun tó pa The Library ni pé wọ́n gba gbogbo ohun tó ń mú géèmù dùn lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Flood kì í sá pamọ́, kò ní ọ̀gá tí ikú rẹ̀ lè bà á lẹ́rù, kì í bẹ́ fún bọ́ǹbù. Ta ni kí ẹ kọ́kọ́ pa? Èyí tó sún mọ́ yín jù. Ìdáhùn náà kò yí padà láti ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn. Àwọn òpó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ni èèyàn fẹ́ fi òpó ṣe nígbà tí ọ̀tá ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Shotgun ni ìbọn tó bá wọn mu, torí náà yíyan ìbọn ti parí. Jíìpù kò sí, sójà kò sí, oòrùn kò sí. Kò tún sí ohun tí ojú lè fi dá ibi kan mọ̀ yàtọ̀ sí ibòmíràn, débi pé bí ẹ bá yí yíyí níbi tí ìjà ti gbóná, ó rọrùn kí ẹ padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀. Lórí The Silent Cartographer, ẹ ti rí ibi tí ẹ ń lọ kí ẹsẹ̀ yín tó kan ilẹ̀.

Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ní ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ní ìbẹ̀rù àti àárẹ̀ ni Bungie fẹ́ kí ẹ mọ̀ lára, pé ẹni tí Flood ká mọ́ kò gbọ́dọ̀ nísinmi. Mo gbà títí dé àjà kejì. Ká ní wọ́n dá a dúró níbẹ̀ ni, mi ò ní bá wọn ṣẹjọ́ kankan. Ẹ̀rù tó bá ti pẹ́ jù á di iṣẹ́ aṣekúdórógbó. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà lórí àjà àkọ́kọ́ ti ń wo aago nígbà tó bá dé ìkẹrin. Kí n má parọ́ ṣá, bí ẹ bá jẹ́ méjì tí ẹ jọ ń gbá a, tí ọ̀kan ń ṣọ́ ẹ̀yìn èkejì, nǹkan kan tún wà níbẹ̀: ẹ ó pàdé lójú ọ̀nà, ẹ ó jọ rẹ́rìn-ín, ẹ ó jọ bú amọ̀nà. Ẹnì kejì yẹn ló mú ìgbádùn wá.

Àwọn ìpele mẹ́ta tó kẹ́yìn gba ibi tí ẹ ti kọjá padà. Two Betrayals dá yín padà gba ọ̀nà ìpele karùn-ún láti òpin rẹ̀, ní alẹ́, yìnyín ń bọ́. Ó yẹ kó sú ni ju tàkọ́kọ́ lọ, torí àwọn yàrá àti afárá yẹn ṣì wà ńbẹ̀. Ohun tó gbà á là ni pé Covenant àti Flood ti ń bá ara wọn jà báyìí, àwọn ẹ̀rọ aláfò tí wọ́n ń pè ní Sentinel sì ti di ọ̀tá yín. Ẹ lè dúró lókè kí ẹ jẹ́ kí wọ́n pa ara wọn, kí ẹ wá sọ̀kalẹ̀ lọ pa àwọn tó kù. Ẹ lè gun Banshee, ọkọ̀ òfuurufú àwọn Covenant, kí ẹ fò kọjá ibi tí ẹ ti fẹsẹ̀ rìn tẹ́lẹ̀. Keyes, ìkẹsàn-án, padà sínú ọkọ̀ aláwọ̀ àlùkò, ó sì dára jù ú lọ díẹ̀ nítorí pé ọkọ̀ náà ti fọ́, ọ̀nà rẹ̀ ti yí padà. Nínú The Maw, ẹ ń fi Warthog sáré jáde nínú ọkọ̀ ìpele àkọ́kọ́, tó fẹ́ bú gbàmù, aago ń ka sísàlẹ̀. Kò sí ohun tí ìpele mìíràn tún ṣe tó jọ ọ́, mi ò sì ní fi òróró kún un.

Kí ló fa àtúnlò tó pọ̀ tó báyìí? Ọjọ́ Xbox ti sún mọ́lé, kò sì ṣeé sún. Wọ́n ní ìpele púpọ̀ láti ṣe, àkókò kò sí, ni wọ́n bá yí àwọn tó ti wà nílẹ̀ padà. Mi ò fi èyí bú wọn. Ilé-iṣẹ́ Respawn fi àtúnlò ṣe ohun ọ̀ṣọ́ nínú Titanfall 2 ní ọdún 2016: nínú ìpele kan tó ń jẹ́ Effect and Cause, ẹ̀rọ kan wà lọ́rùn-ọwọ́ yín tó ń gbé yín láti ilé tó ti dahoro lọ sí ayé àtijọ́ nígbà tí ilé náà ṣì pé, lẹ́ẹ̀kan tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń jóná nísinsìnyí kò níná lánàá. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà lánàá kò sí níbẹ̀ lónìí. Ilé kan ni wọ́n mọ, ṣùgbọ́n ìṣòro méjì ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì ń yan èyí tí ẹ fẹ́ dojú kọ.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2011, tó pé ọdún mẹ́wàá géérégé, Halo: Combat Evolved Anniversary jáde pẹ̀lú àwòrán tuntun. Bọ́tìnnì kan wà tí ẹ lè tẹ̀ láti padà sí àwòrán àtijọ́, abẹ́ méjèèjì sì jẹ́ ìjà kan náà. Mo gba ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ìpele nímọ̀ràn pé kó dúró nínú irà 343 Guilty Spark, kó tẹ bọ́tìnnì yẹn. Àwòrán tuntun lẹ́wà, igi rẹ̀ pọ̀, ó sì mọ́lẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ̀rù náà sì ti fò lọ. Òkùnkùn àtijọ́ yẹn wà lára iṣẹ́ ìpele náà, ẹni tó tan iná sí i kò sì ràn án lọ́wọ́.

Lọ́dọ̀ wa, PlayStation ló gba ìgboro ju Xbox lọ, bọ́ọ̀lù sì ni wọ́n sábà máa ń gbá ní ṣọ́ọ̀bù géèmù, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó mọ Halo, orí kọ̀ǹpútà ló ti mọ̀ ọ́n, láti ìgbà tí ẹ̀dà kọ̀ǹpútà ti jáde ní ọdún 2003. Iye àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù fúnra wọn ń pọ̀ sí i, àwọn ni mo sì fẹ́ bẹ̀. Ẹ gbá ìkẹrin àti ìkeje tẹ̀ léra wọn nínú ọjọ́ kan, kí ẹ máa ṣọ́ iye ìgbà tí ẹ̀yin fúnra yín pinnu nǹkan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà tó wà nínú Halo: The Master Chief Collection wà fún Xbox àti kọ̀ǹpútà, gbogbo ìpele rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò di dandan kí ẹ gbá mẹ́ta kí ẹ tó dé ìkẹrin.